Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọkàn Ló Ń Sáré, Ara Ló Ń Jìyà Rẹ̀

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, a sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ nípa ìfiyèsí: kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fọkàn sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nísinsìnyí, bóyá èémí rẹ̀, ara rẹ̀ tàbí ìró tó ń gbọ́, láìbá ara rẹ̀ wíjọ́. Lẹ́tà tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá ò kéré, ìgboro Ìbàdàn níbí sì ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Díẹ̀ nínú wọn rèé.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀wà àti gàrí ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, ìṣírò ló máa ń bẹ̀rẹ̀: ta ló jẹ mí, ta ni mo jẹ, èló ni owó ọkọ̀ tó kó ẹrù wá láti òkè Ọya. Aago 2 òru, ojú mi ṣì là sílẹ̀. Mo gbìyànjú ìfiyèsí tí ẹ wí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà láti dúró. Àbí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni? — Ìyá Ẹlẹ́wà, Bódìjà

Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, Màmá. Kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ kì í rìn. Ẹ wo ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nínú agboolé: bó bá rí èèpo iṣu lọ́ọ̀ọ́kán, á fa okùn lọ síbẹ̀. Ẹni tó ni ín kì í tìtorí ìyẹn pa á, á kàn fa okùn padà ni. Ìgbà tí ẹ bá ta jí pé, "Háà, gbèsè Alhaja ni mo tún ń rò yìí," tí ẹ sì rọra mú ọkàn padà sórí èémí, iṣẹ́ náà gan-an lẹ ṣe yẹn. Bó bá sá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí ẹ mú un padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó jókòó tó ń tòògbé lọ. Àwọn tó ń sọ pé kéèyàn "má ronú nǹkan kan" ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú.

Torí pé ẹ̀wà ò wọ́n yín, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀wà ṣe é. Kí ẹ tó wọ yàrá lọ sùn, ẹ jókòó sórí àga tàbí àpótí. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yìn nàró, ṣùgbọ́n kó má le gan. Ẹ ka ẹyọ ẹ̀wà 30 sínú abọ́ kan, kí ẹ gbé abọ́ òfìfo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi imú mí wọlé, kí ẹ máa kà á nínú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹ rọra mí síta, kí ẹ kà á dé ẹ̀fà. Kí ẹ wá mú ẹyọ ẹ̀wà kan lọ sínú abọ́ kejì. Bí ìkà kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan, èémí kan á gba ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ̀wà 30 á sì gba ìṣẹ́jú 5 géérégé. Kò sí aago níbẹ̀, kò sì sí dátà. Bí ẹ ò bá rántí iye tí ẹ kà dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ èémí mìíràn láti ení.

Ìdí tí mímí síta fi gbọ́dọ̀ gùn jù ni pé ọkàn-àyà máa ń yára díẹ̀ nígbà tí a bá ń mí wọlé. Bí a bá wá ń mí síta, iṣan kan tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà àti ikùn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní vagus, á dẹwọ́ eré rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dojú rú ni kéèyàn máa fi agbára fa èémí, kí èjìká máa lọ sókè sódò. Bí a bá mí púpọ̀ ju bí ara ṣe nílò lọ, carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta) inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ jù, òòyì á máa kọ́ni, ọmọ ìka á máa ṣe yinrinyinrin, àyà á sì túbọ̀ já. Ẹni náà á wá rò pé àìsàn mìíràn ti dé. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ dín èémí kù, kó kéré, kó sì lọ́ra. Ẹ má sì dá a dúró láàárín.

Ti ìṣírò gbèsè ńkọ́? Ẹ fún un ní àkókò tirẹ̀. Ní nǹkan bí aago 7 alẹ́, ẹ mú ìwé, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: orúkọ, iye owó, ohun tí ẹ máa ṣe nípa rẹ̀ lọ́la. Bí ìrònú náà bá kàn yín lára lóru, ó ti wà nínú ìwé.

Bí ẹ bá ti dùbúlẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú 20 tí oorun ò wá (ẹ fojú bù ú, ẹ má wo aago), ẹ dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lọ jókòó níbòmíràn níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù, kí ẹ padà nígbà tí oorun bá ń kùn yín. Bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn ti ń ṣírò owó lálaalẹ́, ara á kọ́ ọ pé ibi ìṣírò nibẹ̀. Bó ti wù kí oorun kéré tó, aago kan náà ni kí ẹ máa jí láràárọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá sì ń ké, ẹ má bá a jà nínú ọkàn yín. Ẹ fi ìró náà rọ́pò èémí, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń lọ sókè àti bó ṣe ń wálẹ̀. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu bí ariwo ṣe máa ń fúyẹ́ nígbà tí a ò bá ṣépè fún un mọ́.

Ṣùgbọ́n bí àìróorunsùn yìí bá ti ń wáyé ní alẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tó sì ti lé lóṣù mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má lọ ra oògùn oorun fúnra yín ní kẹ́míìsì.

Awakọ̀ Máíkírà ni mí, Ìwó Road sí Challenge. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ru, 160/100, dókítà sì fún mi ní oògùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí mo bá ti ń mí lọ́nà tí ẹ kọ yẹn, kí n pa oògùn tì. Ṣé òótọ́ ni? — Baba Ìbejì

Rárá o. Ẹ má pa oògùn tì. Èémí tó lọ́ra lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀, pàápàá ní àkókò tí ẹ ń ṣe é lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ni oògùn ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá já oògùn sílẹ̀ lè má rí nǹkan kan fún oṣù mélòó kan, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ọjọ́ tó bá máa sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Dókítà nìkan ló lè dín oògùn kù, lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ìgbà.

Ibi tí ìfiyèsí ti wúlò fún yín ni inú gósílóò. Bí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹ ti fa bíréèkì ọwọ́, ẹ wo ohun mẹ́ta: eyín, èjìká, ọwọ́ lórí sítíárì. Ẹ ó rí i pé ẹ ti ń fún eyín pọ̀, èjìká ti gòkè, ẹ sì di sítíárì mú bí ẹni tó fẹ́ já a. Ẹ tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lẹ́. Ó parí. Ojú kó là sílẹ̀ o! Ohun tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ sórí fóònù láti fi tọ́ni sọ́nà nínú àṣàrò kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ nídìí ọkọ̀.

Nǹkan méjì tí awakọ̀ sábà máa ń gbójú fò nìyí. Èkíní ni obì. Àbàtà ni o, gbànja ni o, káfíìnì wà nínú méjèèjì, lẹ́yìn bíi wákàtí 5 ìdajì rẹ̀ sì lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Obì tí ẹ jẹ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹ sùn ní aago 11. Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ń bínú sí agbèrò, tó wá na ọwọ́ fún nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iye tó máa rí á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ má jẹ obì, ẹ má sì mu sìgá, fún ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ kó tẹ́ sílẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó ṣe déédéé ọkàn-àyà, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n tó wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín wọn. Ìṣẹ́jú 5 ìdákẹ́ yẹn gan-an, ẹ lè fi ṣe èémí.

Díákónì kan ní Òkè-Àdó àti Alhaji kan ní Ọjà Ọba béèrè ohun kan náà: ṣé ẹ̀sìn mìíràn kọ́ ni wọ́n fẹ́ dọ́gbọ́n kó wa sí?

Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú àṣàrò àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. A ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Ọdún 1979 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jon Kabat-Zinn, mú un wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts, ní ìlú Worcester l'Amẹ́ríkà, fún àwọn aláìsàn tí ìrora wọn ti sú dókítà. Ètò tó là sílẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8: ìpàdé kan lọ́sẹ̀, bíi wákàtí méjì ààbọ̀, ọjọ́ kan tí wọ́n ń fi dákẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ilé ìṣẹ́jú 45, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Kò sí ère níbẹ̀, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tí à ń pè, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ohun tí ẹ gbà gbọ́.

Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àdúrà. Ẹni tó ń gbàdúrà ń bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ̀rọ̀; ẹni tó ń ṣe ìfiyèsí ń wo ohun tó ń lọ nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ahọ́n wà nínú àdúrà tí ọkàn ti wà ní Dùgbẹ̀, ọgbọ́n tí ẹ fi ń fà á padà ò sì yàtọ̀ sí èyí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kí ẹ sanwó ribiribi kí òun tó sọ ọ̀rọ̀ àṣírí kan fún yín, nǹkan mìíràn ló ń tà. Bí ọkàn yín ò bá sì gbà á, ẹ fi sílẹ̀. Ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ náà ń ṣara àti ọpọlọ lóore.

Ẹ̀rí dà? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àpáta

Ó wà, ṣùgbọ́n kò tó bí àwọn tó ń pariwo rẹ̀ ṣe ń wí. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí kan l'Amẹ́ríkà kó ìwádìí 47 jọ, tí èèyàn 3,515 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé irú àṣàrò yìí ń dín àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìrora kù níwọ̀n-níwọ̀n. Wọn ò rí ẹ̀rí pé ó sàn ju oògùn tàbí eré ìdárayá lọ. Lọ́dún 2022, ìwádìí mìíràn tí èèyàn 276 kópa nínú rẹ̀ fi ètò ọ̀sẹ̀ 8 yẹn wé oògùn escitalopram fún àwọn tí àníyàn ń dà láàmú. Àwọn méjèèjì ṣe déédéé ara wọn. Ẹ rántí pé ètò ọ̀sẹ̀ 8 pẹ̀lú olùkọ́ ni wọ́n dán wò o, kì í ṣe fídíò ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní UI, ìdánwò ti sún mọ́lé. Gbogbo ìgbà tí mo bá dijú láti fọkàn sí èémí, ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí wa lójú ọ̀nà Èkó lọ́dún tó kọjá ni mo máa ń rí. Àyà mi á máa lù kìkì. Ṣé kí n máa fara dà á ni?

Má fara dà á, àbúrò. La ojú rẹ. Fún ẹni tí nǹkan burúkú bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ojú dídì àti èémí lè ṣí ilẹ̀kùn tí kò tíì yẹ kó ṣí. Kì í ṣe pé o ya ọ̀lẹ.

Ẹsẹ̀ ni kí o lò. Wá ibi tó tẹ́ lábẹ́ igi nínú ọgbà yunifásítì, tó gba ìṣísẹ̀ 10 sí 15. Rìn lọ, yípadà, rìn bọ̀, fún ìṣẹ́jú 5 péré. Fọkàn sí bí gìgísẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń tẹ́, bí ọmọ ìka ṣe ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Kò sídìí láti fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bí alágẹmọ. Rìn bí o ṣe ń rìn. Bí ìjàǹbá yẹn bá yọ lójú rẹ, dúró, dárúkọ ohun 5 tí o ń rí, ohun 4 tó kan ara rẹ, àti ìró 3 tí o ń gbọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò, kí o tó ṣí ìwé ìbéèrè, tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹn tó.

Ìjàǹbá tó ti pé ọdún kan tó ṣì ń padà wá báyìí nílò ọwọ́ onímọ̀. Kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí o sọ ọ́ fún dókítà gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún wa, kó lè darí rẹ sí UCH bó bá yẹ. Má sì dá nìkan ṣe àṣàrò gígùn kankan kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ọdún 20 ni mo ti ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá. Ẹ̀yìn ti ń ro mí láti bí ọdún 3. Wọ́n yà á ní fọ́tò, wọn ò rí nǹkan kan. Ṣé ọkàn ni wọ́n ní ó ń ṣe mí ni? — Télọ̀

Ìrora yín kì í ṣe èrò lásán, ẹ̀yìn yín ló ń ro yín. Ṣùgbọ́n ìrora tó ti pẹ́ máa ń bí ọmọ: iṣan á máa ki sílẹ̀ de ìrora tí kò tíì dé, ẹni náà á máa bẹ̀rù àtibẹ̀rẹ̀, á sì máa rò pé "báyìí ni mo ṣe máa rọ." Ọmọ yìí ni ìfiyèsí ń bá jà. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn l'Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ American College of Physicians fi ètò ọ̀sẹ̀ 8 tí a sọ lókè sára ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ gbìyànjú fún ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́, pẹ̀lú eré ìdárayá, kí oògùn tó tẹ̀ lé e.

Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ki ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún kí ìbàdí lè sinmi. Ìṣẹ́jú 20 ni. Láti ẹsẹ̀ òsì: àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka fún ìṣẹ́jú kan, ojúgun kan, orúnkún àti itan kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bákan náà. Ìdí àti ìbàdí, méjì. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, mẹ́ta. Ikùn, méjì; àyà, méjì; ọwọ́ méjèèjì, méjì; ọrùn àti èjìká, kan; ojú àti orí, méjì. Ní ibì kọ̀ọ̀kan, kí lẹ ń gbọ́ lára? Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, "kò sí nǹkan kan" náà jẹ́ ìdáhùn.

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn, ẹ má sá a kọjá, ẹ má sì dúró tì í bí ọlọ́pàá. Ẹ wò ó dáadáa: ṣé ó ń ro ni àbí ó ń ta? Ṣé ó ń fà, ó ń gún, àbí ó ń jẹni wọra? Ṣé ojú kan ló wà àbí ó ń rìn? Yorùbá dáa fún iṣẹ́ yìí ju fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn lọ, níbi tí wọ́n kàn ní kéèyàn fún ìrora ní nọ́ńbà láti òdo dé 10. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹ ń pè ní ẹ̀yìn ríro kan ṣoṣo, ẹ ó rí i pé ó ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Bó bá le jù, ẹ lọ sí ọwọ́, kí ẹ sinmi níbẹ̀, kí ẹ tún padà. Ọ̀sẹ̀ kìíní lè dà bíi pé ìrora ń pọ̀ sí i, torí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó ni.

Nídìí máṣíìnì, ẹ máa dìde ní ìṣẹ́jú 30-30, kí ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ padà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí abẹ́ bá ń kú tipiri, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò bá ṣeé dì mú mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ibà tàbí rírù tí kò nídìí bá bá ẹ̀yìn ríro rìn, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Ó ti tó oṣù 5 tí nǹkan ń rìn lórí mi bí èèrà. Etí mi ń hó, àyà mi ń já, kò sí oúnjẹ tó dùn lẹ́nu mi. Wọ́n ní ọdẹ orí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ sí Arò, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé ìfiyèsí lè lé e lọ? — Ẹni tó ń gbé ní Mọ̀níyà

Ẹ gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n yín. Ọdẹ orí kì í ṣe ohun àjèjì sáwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ wa. Makanjuola, ọ̀kan nínú wọn, tẹ ìwádìí jáde nípa rẹ̀ lọ́dún 1987, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Méjèèjì ló gbọ́ ìtọ́jú. Ẹ ò tilẹ̀ ní láti dé Abẹ́òkúta. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ wà ní UCH níbí. Arò náà ò sì yẹ ní ibi ìbẹ̀rù: lọ́dún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ káwọn aláìsàn ibẹ̀ gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n má bàa wà ní àhámọ́.

Ní tiyín, ẹ má ṣe ìfiyèsí tó ń dojú kọ orí. Bí ẹ bá ń wo ibi tí nǹkan ti ń rìn, rírìn rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ máa fọkàn sí, ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ètò ìfiyèsí kan wà tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá mẹ́ta, Segal, Williams àti Teasdale, ṣe fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Lọ́dún 2004, àjọ NICE, tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ ní England, fọwọ́ sí i fún àwọn tí àìsàn náà ti mú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara bá ti yá ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí àìsàn má bàa padà.

Bí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá wá sọ́kàn yín, tàbí tí ẹ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ mìíràn. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó bá yín lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì dá nìkan wà.

Iṣẹ́ ò fún mi láyè. Ṣé mo lè ṣe é nídìí oúnjẹ? — Òṣìṣẹ́ ìjọba, Agodi

Ẹ lè ṣe é. Èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Ẹ̀pà yíyan náà á ṣe é, tàbí àgbálùmọ̀ ní àsìkò rẹ̀. Ẹ̀pà kan: ẹ yí i lọ́wọ́, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ bó o, ẹ fi sórí ahọ́n láìtíì jẹ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ wá fi eyín pa á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún dúró. Àmàlà le díẹ̀, torí òkèlè kì í pẹ́ lẹ́nu kó tó wọ ọ̀fun. Ẹ gbé fóònù kúrò nítòsí fún òkèlè mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ wo ibi tí gbẹ̀gìrì àti ewédú ti pàdé, ẹ gbọ́ ooru rẹ̀ lọ́mọ ìka, ata lórí ahọ́n, àti ibi tí òkèlè dé lọ́fun kí ẹ tó bu òmíràn. Láti òkèlè kẹrin, ẹ lè padà sórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú tí ẹ ń sọ bọ̀.